Kọ́ọ̀dù F tó ń dún lọ́dọ̀ mi tí kì í dún nílé

Akẹ́kọ̀ọ́ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 51 tí kò fọwọ́ kan ohun èlò orin rí kí ó tó tọ̀ mí wá. Nítorí pé wọ́n jù mí lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn náà sì ń pè mí ní tíṣà. Ohun tí wọ́n bá wá kò lọ́jú pọ̀. Orin pop kan wà tí wọ́n ti fẹ́ràn láti ìgbà èwe, wọ́n sì fẹ́ máa kọ ọ́ kí wọ́n máa fi gìtá tì í lẹ́yìn fúnra wọn. Wọn kò fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ka orin lórí ìwé, wọn kò sì ní in lọ́kàn láti bá ẹnikẹ́ni ta gìtá lórí pèpéle. A fohùn ṣọ̀kan sí ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 dánra wò nílé lójoojúmọ́. Mo ń kọ ọ̀ràn wọn sílẹ̀ nítorí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi wá àléébù sí ọwọ́ wọn nígbà tí ọwọ́ wọn kò ní àléébù.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò kà á sí nǹkan kan nígbà náà. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń wá tààrà, nítorí náà wọn kì í gbé gìtá tiwọn dání. Gìtá méjì ló wà ní yàrá tí mo ti ń kọ́ni, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń lò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ṣe fẹ́ ẹ, nítorí pé gìtá tó wà lọ́dọ̀ mi kì í tètè ṣìnà ohùn, a kì í sì í fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ máa lọ́ okùn kiri.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Em, G, C àti D ni a fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀dù ni wọ́n, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì mú wọn nítorí pé orin pop tí kọ́ọ̀dù mẹ́rin yìí lè gbé kò lóǹkà. Mo máa ń gbé aago kalẹ̀, wọn a sì máa pààrọ̀ láti kọ́ọ̀dù kan sí òmíràn fún ìṣẹ́jú kan, kí a tó ka iye ìgbà tí ó dún geerege. Láti G sí C, ìgbà 9 ni wọ́n ṣe é ní ọjọ́ kìíní. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin fi máa parí, wọ́n ti dé 28. Wọ́n sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé orí ìka ń dun àwọn nílé ju bí ó ṣe ń dùn wọ́n lọ́dọ̀ mi lọ. Mo dá wọn lóhùn pé bó ṣe máa ń rí fún gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ awọ orí ìka yóò le, ìrora náà yóò sì lọ. Òótọ́ ni ìdáhùn yẹn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà “nílé” ni mi ò gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni a kan F. Orin tí wọ́n fẹ́ yìí, C, G, Am àti F ló ń yí po nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ yẹ F sílẹ̀ tí orin náà kò ní í pàdánù adùn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti kọ́ gìtá rí ló mọ ohun tí F máa ń fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ rí. Fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá. Nínú okùn mẹ́fà, ìkíní ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìkẹfà ló sì nípọn jù. Fún F, ìka ìfábẹ̀lá yóò nà gbalaja lé okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní fret kìíní, ìka àárín yóò tẹ okùn kẹta ní fret kejì, ìka tó tẹ̀lé e àti ọmọńdinrín yóò sì tẹ okùn karùn-ún àti ìkẹrin ní fret kẹta. Barre ni wọ́n ń pe irú ìka tó nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé okùn mẹ́ta péré, ìyẹn ìkẹfà, ìkejì àti ìkíní, ni ìka ìfábẹ̀lá ní láti mú dún, nítorí pé àwọn ìka yòókù ti tẹ mẹ́ta tó kù níwájú rẹ̀. Mo fi èyí hàn wọ́n. Mo ní kí wọ́n yí ìka náà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí eegun ti sún mọ́ awọ, kí wọ́n sún un mọ́ irin, kí àtàńpàkò wà lẹ́yìn ọrùn gìtá, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìwúwo apá fa ọwọ́ sẹ́yìn dípò kí wọ́n máa fún ọrùn gìtá pọ̀ bí ẹni ń fún aṣọ.

Lọ́dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ọwọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ keje, okùn márùn-ún nínú mẹ́fà ti ń dún, ìkejì nìkan ló ń kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: “Tíṣà, nílé kì í dún o. Pọ́kú pọ́kú ló máa ń ró, bí ẹni ń gbá pákó.”

Èmi sì rò pé wọn kì í dánra wò. N kò ní í fi bò, ohun tí mo rò nìyẹn, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fọwọ́ kan gìtá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sábà máa ń sọ pé ohun tó dún lọ́dọ̀ olùkọ́ kò dún nílé. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni, mi ò bá bi í lójúkojú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú ẹ̀gbọ́n kí ó sọ pé wọn kò ṣe iṣẹ́ wọn? Mo fi ọ̀nà ẹ̀yìn gbé e. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹ ráyè púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.” Wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é. Bóyá ọwọ́ àgbà ni kò gbà á mọ́.”

Láti ọ̀sẹ̀ keje dé ìkẹwàá ni mo fi ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo fún wọn ní àdánrawò tó ń mú ìka le. Mo fún wọn ní F kékeré, èyí tó jẹ́ pé okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ nìkan ni a ń ta, tí ìka ìfábẹ̀lá kò tẹ̀ ju méjì lọ. Wọ́n ní ìyẹn náà kì í dún nílé. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró, nítorí pé ẹni tó bá lè ta F ńlá dé ìdajì ọ̀nà lórí gìtá kan kò gbọdọ̀ kùnà pátápátá lórí F kékeré, àyàfi bí gìtá kejì bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. N kò dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, wọ́n sọ fún mi pé bóyá kí àwọn sinmi ná.

Kí n tó dáhùn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi fóònù gba ohùn gìtá wọn sílẹ̀ nílé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, èyíkéyìí nínú kọ́ọ̀dù tí wọ́n mọ̀, kì í ṣe F nìkan. Mo fẹ́ gbọ́ bí ọwọ́ wọn ṣe ń ṣe nígbà tí n kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ kò kan ọwọ́ rárá. Nígbà tí wọ́n ta okùn kọ̀ọ̀kan láìtẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ wà ní ipò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ta C àti Am, ohùn okùn kejì, tí wọ́n tẹ̀ ní fret kìíní nínú kọ́ọ̀dù méjèèjì, ga ju bó ṣe yẹ lọ débi pé etí kò lè gbà á. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lo tuner, ẹ̀rọ tó ń fi hàn bóyá ohùn okùn wà ní ipò rẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Okùn tó bá wà ní ipò rẹ̀ nígbà tí a kò tẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń ga jù ní fret kìíní, ń sọ pé a ní láti nà án kí ó tó kan irin. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n gbé gìtá náà wá.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, gìtá náà dé. Ó lẹ́wà, igi rẹ̀ dára, kò sì sí ibi tó ti sán. Mo tẹ okùn kẹfà láàárín fret kejì àti ìkẹta, mo wá wo àlàfo tó wà láàárín okùn náà àti fret kìíní. Lórí gìtá tó wà ní àtúnṣe, àlàfo yẹn kì í ju kí ojú rí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín lọ. Lórí tiwọn, bébà tí mo ká sí mẹ́rin kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìfarakan okùn. Nut, ìyẹn eegun kékeré tí okùn gbà kọjá ní òkè ọrùn gìtá, ló ga jù, àwọn ihò tí okùn jókòó sí kò jinlẹ̀ tó láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ní fret kejìlá, okùn kẹfà fi mìlímítà 3.5 jìnnà sí irin. Ti gìtá tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ mi kò ju 2 lọ. Okùn ara rẹ̀ tún nípọn: okùn kìíní jẹ́ ìdá 13 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, nígbà tí tèmi jẹ́ 10. Ohun mẹ́ta yìí pàdé ní ibi kan ṣoṣo tó burú jù, ìyẹn fret kìíní, nítorí pé ibẹ̀ ni okùn ti sún mọ́ nut jù, tí ó sì ṣòro jù láti tẹ̀. Kò sí ìka tó le tó, ti ọ̀dọ́ tàbí ti àgbà, tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ F lórí irú gìtá bẹ́ẹ̀ tí kò ní í rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ó lè dá wa lójú, mo fi capo há fret kìíní. Iṣẹ́ capo ni láti tẹ gbogbo okùn mọ́lẹ̀ ní fret tí a bá fi í há, nítorí náà nut kò ní iṣẹ́ kankan mọ́ nígbà náà. Mo ní kí wọ́n ta ìrísí F kan náà ní iwájú capo yẹn. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dún. Wọ́n tún ta á, ó tún dún. Wọ́n wo ọwọ́ òsì wọn, wọ́n wò mí, wọn kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo tọrọ àforíjì pé mo ti fura sí wọn. Wọ́n ní, “Má dà á láàmú, tíṣà, èmi náà ti fura sí ara mi.”

Oníṣẹ́ tó ń tún gìtá ṣe kò ráyè fún wa títí di ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n a kò jókòó lásán. Mo dẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wálẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n fret kan, mo wá fi capo sí fret kìíní, èyí tó gbé ohùn padà sí ibi tó yẹ kó wà. Okùn náà sì rọ̀ díẹ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe lò ó nílé fún ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Ẹ̀tàn kékeré yìí wúlò fún ẹnikẹ́ni tí nut gìtá rẹ̀ bá ga, tí kò sì tíì rí ẹni tún un ṣe. Ohun tí n kò gbà ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ni kí ó fi ọ̀bẹ tàbí ayùn lásán gbẹ́ ihò nut fúnra rẹ̀, nítorí pé tí ó bá jìn ju bó ṣe yẹ lọ, okùn tí a kò tẹ̀ yóò máa gbọ̀n lára fret kìíní, kò sì sí bí a ṣe ń dá eegun tí a ti rẹ́ padà. Títún òmíràn fi sí i ló kù. Oníṣẹ́ náà fi fáìlì tó bá ìpọn okùn kọ̀ọ̀kan mu gbẹ́ ihò náà díẹ̀díẹ̀, ó rẹ́ ìsàlẹ̀ saddle, ìyẹn eegun kejì tó wà lórí ikùn gìtá, títí okùn kẹfà fi wà ní mìlímítà 2.4 ní fret kejìlá, ó fi okùn tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 11 rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ó sì yí irin inú ọrùn gìtá díẹ̀ nítorí pé okùn tuntun kò fa ọrùn náà tó ti àtijọ́ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, F ń dún nílé.

Mo rò pé ọ̀ràn ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ta orin náà látòkè délẹ̀, kò dùn. Gbogbo kọ́ọ̀dù mọ́, síbẹ̀ orin náà ń rìn bí ẹni tí òkúta wà nínú bàtà rẹ̀. Àṣìṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ló tún fara hàn ní ibòmíràn: nígbà tí F kì í dún, wọ́n ti mọ́ra láti dá ọwọ́ dúró kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kí wọ́n to ìka jọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó tún gbá okùn. Ọwọ́ ọ̀tún ti kọ́ láti dúró de ọwọ́ òsì, ó sì ń dúró dè é báyìí ní gbogbo kọ́ọ̀dù, títí kan G tí wọ́n ti mọ̀ láti oṣù kìíní.

Ibi yìí ni mo kà sí ẹ̀kọ́ orin pop gan-an. Etí ẹni tó ń gbọ́ orin pop máa ń dárí ji kọ́ọ̀dù tí kò mọ́, ṣùgbọ́n kì í dárí ji ìlù tó dúró. Bí a bá ń kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ọwọ́ ọ̀tún máa ń lọ sílẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń padà sókè láàárín wọn, tí ó fi jẹ́ pé ìrìn mẹ́jọ ló ń rìn, yálà ó kan okùn tàbí kò kàn án. Ìgbá tí orin wọn ń lò, ìyẹn bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń gbá okùn, kan okùn ní ìsàlẹ̀ lórí ení, ìsàlẹ̀ lórí èjì, òkè lẹ́yìn èjì, òkè lẹ́yìn ẹ̀ta, ìsàlẹ̀ lórí ẹ̀rin àti òkè lẹ́yìn rẹ̀. Níbi méjì tó kù, afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ ń gbá. Ẹ̀gbọ́n máa ń dá ọwọ́ dúró ní ibi méjì yẹn, nítorí lójú wọn, ibi tí okùn kò ti dún, iṣẹ́ kò sí níbẹ̀.

Mo gba ọwọ́ òsì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n kàn tẹ́ ẹ lé okùn kí ó má lè dún, kí ọwọ́ ọ̀tún máa gbá ìgbá náà pẹ̀lú metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, ní ìlù 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a fi C àti G sí i pẹ̀lú òfin kan: bí kọ́ọ̀dù bá dé, bí kò dé, ọwọ́ ọ̀tún kò gbọdọ̀ dúró. Ó nira fún wọn ju F lọ. Ẹni tó bá ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í fẹ́ gbọ́ kí nǹkan tí kò tọ́ ti ọwọ́ òun jáde kí òun sì máa lọ. Nígbà tí mo tún sọ pé kí wọ́n gbé ìka kúrò lórí kọ́ọ̀dù ní ìgbá òkè tó kẹ́yìn, kí okùn máa dún láìtẹ̀ ẹ́, kí ìka lè ráyè dé ibi tó kàn, wọ́n ní irọ́ ni kọ́ọ̀dù ń pa ní ibẹ̀ yẹn. Mo ta orin náà ní ọ̀nà méjèèjì fún wọn láì jẹ́ kí wọ́n wo ọwọ́ mi, mo ní kí wọ́n mú èyí tó dùn. Èyí tó ń purọ́ ni wọ́n mú. Láti 60 a gun 66, 72, 80, a kò sì gbé e sókè títí wọ́n fi ta á yípo ní ìgbà mẹ́rin láìdúró.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógún ni wọ́n kọ orin náà mọ́ gìtá fún ìgbà àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni mo tún ti rí àṣìṣe mi kejì. Bí a ṣe ń ta orin náà ní C, ìyẹn pé ohùn C ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ohùn tó ga jù nínú rẹ̀ ni G, èyí tó wà ní okùn kìíní ní fret kẹta, wọn kò sì lè dé ibẹ̀ láìpariwo. A dán oríṣiríṣi ibi tí a lè gbé orin náà sí wò, ibi tó sì bá ohùn wọn mu ni A, tí ó fi ìwọ̀n fret mẹ́ta rẹlẹ̀ sí C, tí ohùn gíga náà fi di E, ìyẹn ohùn okùn kìíní tí a kò tẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ta á ní A ni kí a fi capo sí fret kejì kí a máa lo ìrísí G. C, G, Am àti F wá di G, D, Em àti C. F kò sí níbẹ̀. Kọ́ọ̀dù mẹ́rin tí wọ́n ti mọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin ni orin tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ mi ń fẹ́, ká ní mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sí mi létí lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé.

Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Mo ti ń retí pé inú yóò bí wọn, mo sì gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé gìtá kúrò lórí itan. Síbẹ̀ wọn kò gbà kí F lọ; wọ́n ní àwọn ti jìyà rẹ̀ ju kí àwọn gbàgbé rẹ̀ lọ, wọ́n sì ń fi ìṣẹ́jú méjì ta á ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdánrawò wọn lójoojúmọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejìlélógún, wọ́n kọ orin náà tán ní 92 láìdúró. Okùn kejì ṣì ń kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ń ta F, ọwọ́ ọ̀tún sì ń yára díẹ̀ níbi ègbè, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó ohun tí à ń bá ara wa sọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n mú orin mìíràn wá tó wà ní D, tí Bm wà nínú rẹ̀, barre ní fret kejì. Mo ti na ìka láti fi Bm hàn wọ́n kí wọ́n tó dá mi dúró. “Tíṣà,” wọ́n ní, “ṣé ká má kọ́kọ́ kọ ọ́ ná, ká mọ̀ bóyá ó bá ohùn mi mu?” A gbé gìtá sílẹ̀, a sì kọ ọ́.